Àkọsílẹ̀ àbùdá fóònù alágbèéká

Àkọsílẹ̀ àbùdá fóònù alágbèéká ni ìwé pélébé tàbí ojú-ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ ohun tí fóònù kan ní: bí bátìrì rẹ̀ ti tó, bí ojú rẹ̀ ti fẹ̀ tó, irú kámẹ́rà tó wà lára rẹ̀, ìwọ̀n mẹ́mórì rẹ̀, àti bó ṣe lè fara da omi àti eruku. Tábúlẹ́ẹ̀tì, aago ọwọ́ ìgbàlódé, íápíìsì aláìníwáyà àti páwà báǹkì náà ní tiwọn. Iye tó máa ń wà níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ irọ́, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ipò tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ipò yẹn ni wọn kì í sì í fẹ́ kọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè máa fi fóònù méjì wéra níbi tí wọn kò ti ṣeé fi wéra rárá.

Ìtàn ní ṣókí

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1973, Martin Cooper, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Motorola, fi fóònù àfọwọ́mú pe ìpè kan ní ìgboro New York. Fóònù tí iṣẹ́ náà bí, DynaTAC 8000X, gba ìyọ̀ǹda ìjọba Amẹ́ríkà ní 1983, dọ́là 3,995 ni wọ́n sì ń tà á. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ni èèyàn lè fi sọ̀rọ̀ kí bátìrì rẹ̀ tó kú, nǹkan bíi wákàtí 10 ni yóò sì fi gba iná padà. IBM Simon ti 1994 ní ojú tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀. iPhone àkọ́kọ́ jáde ní 2007 pẹ̀lú ojú íǹṣì 3.5, kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 2 àti RAM (mẹ́mórì tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 128 MB. HTC Dream, fóònù àkọ́kọ́ tó lo Android, tẹ̀lé e ní 2008.

Bátìrì

Lithium-ion ni bátìrì tó wà nínú fóònù òde òní, yálà "Li-ion" ni wọ́n kọ sára rẹ̀ tàbí "Li-Po". Àpò tí wọ́n dì í sí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì wà jù, kì í ṣe kẹ́míkà inú wọn. M. Stanley Whittingham ló la ọ̀nà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ní 1980, John B. Goodenough fi ọ́ksáìdì kóbáàtì gbé fóltéèjì rẹ̀ dé nǹkan bíi 4, nígbà tó sì di 1985, Akira Yoshino ṣe èyí tí kò lo ògidì lithium mọ́, tí ewu rẹ̀ sì dín kù. Sony ló kọ́kọ́ gbé e sí ọjà, ní 1991. Àwọn onímọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́míkà ní 2019.

mAh (mílíáńpíà-wákàtí) ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wò, bẹ́ẹ̀ òun nìkan kò sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó ń sọ ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú, kò sọ iṣẹ́ tí iná náà lè ṣe. Kí a tó mọ ìyẹn, a ní láti fi fóltéèjì sọ mAh di púpọ̀, ká sì fi 1,000 pín in: bátìrì 5,000 mAh tí fóltéèjì rẹ̀ jẹ́ 3.85 ní agbára 19.25 Wh (wáàtì-wákàtí). Àwọn fóònù kan tó ń yára gba iná ní sẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n so tẹ̀ léra. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 2,500 mAh, fóltéèjì àpapọ̀ yóò di 7.7, mAh yóò ṣì wà ní 2,500, agbára náà kò sì ní kúrò ní 19.25 Wh. Ìpolówó á kọ 5,000. Ẹni tó bá tú ẹ̀yìn fóònù lè bá 2,500 lára bátìrì. Kò sí jìbìtì níbẹ̀, àmọ́ bí ilé-iṣẹ́ bá ń kọ Wh ni, kò ní sí àríyànjiyàn.

Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bátìrì gan-an sábà máa ń kún ju ohun tó wà nínú ìpolówó lọ. Ìwọ̀n méjì ló máa ń wà níbẹ̀: èyí tó kéré jù tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, àti èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú bátìrì náà máa ń ní. Èyí tó tóbi ni ìpolówó ń mú. Fóltéèjì tí ṣájà kò gbọdọ̀ kọjá náà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bíi 4.45. Tẹ́lẹ̀, 4.2 ni ó mọ sí. Bí òpin yìí ṣe ń lọ sókè ni bátìrì ń gba iná sí i láì tóbi sí i, àmọ́ òun náà ló ń jẹ́ kó tètè gbó bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní kíkún nínú ooru.

Gbígbó bátìrì ní ìṣirò tirẹ̀. Àyípo kan kò túmọ̀ sí ìgbà kan tí wọ́n ki fóònù bọ iná. Ó túmọ̀ sí kí èèyàn lo ìdá 100 nínú 100 tán, ì báà jẹ́ ìdá 50 lónìí àti ìdá 50 lọ́la. Bí àyípo ti ń pọ̀, ìpele kan tó fẹ́lẹ́ máa ń nípọn sí i lára gíráfáìtì (irú kábọ́ọ̀nù tó ń gba lithium mọ́ra) inú bátìrì, lithium tó bá há síbẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Apple kọ́kọ́ ń sọ pé bátìrì iPhone yóò ṣì ní ìdá 80 lẹ́yìn àyípo 500. Fún iPhone 15, ó sọ ọ́ di 1,000 ní 2024. Ooru àti wíwà ní ìdá 100 fún ìgbà pípẹ́ ló ń ba bátìrì jẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fóònù fi ní ètò tó ń dá ṣíṣájì dúró ní ìdá 80.

Kì í ṣe pé iná tí bátìrì tó ti gbó ń gbà dín kù nìkan ni. Ìdènà inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé bí kámẹ́rà tàbí géèmù bá ṣàdédé bèèrè iná púpọ̀, fóltéèjì á já wálẹ̀, fóònù á sì kú nígbà tó ṣì ń kọ ìdá 25 sójú. Ní oṣù kejìlá 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun máa ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù nítorí irú ìkú òjijì yìí. Ariwo tó tẹ̀lé e ló mú kí ìwọ̀n ìlera bátìrì di ohun tí oníṣe fúnra rẹ̀ lè yẹ̀ wò nínú fóònù.

Ìyípadà tó tóbi jù nínú bátìrì fóònù láìpẹ́ yìí ni sílíkọ́nì-kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fi kún gíráfáìtì. Gíráàmù gíráfáìtì kan kò lè gbà ju 372 mAh lọ. Ti sílíkọ́nì lè tó nǹkan bí 3,600 nínú ìṣirò. Ìṣòro sílíkọ́nì ni pé ó máa ń wú ju ìlọ́po mẹ́ta lọ bó bá gba iná, á sì tún sún kì bó bá lò ó tán, ara rẹ̀ á wá máa fọ́ wẹ́wẹ́. Kábọ́ọ̀nù tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń dì í mú, ìwọ̀n díẹ̀ ni wọ́n sì ń fi sí i. Honor lò ó nínú Magic5 Pro tó tà ní Ṣáínà ní 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà mìíràn sì tẹ̀lé e. Bí bátìrì wọ̀nyí yóò ṣe rí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́wọ́ oníṣe kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan.

Samsung Galaxy Note 7 ti 2016 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ bá kan ewu bátìrì. Wọ́n kó o padà kúrò lọ́jà lẹ́yìn tí àwọn kan gbiná. Ìwádìí tí Samsung gbé jáde ní oṣù kìíní 2017 fi hàn pé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ méjì ni bátìrì náà ti wá, àṣìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan: igun bátìrì àkọ́kọ́ ti tẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ nínú ìkejì kò sì dán.

Ṣíṣájì

Wáàtì ni fóltéèjì tí a fi sọ áńpíà di púpọ̀. Iye tí wọ́n kọ, bíi 67 tàbí 120, ni òkè téńté tí fóònù lè dé, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Ṣájà máa ń rọ́ iná sínú bátìrì títí fóltéèjì rẹ̀ á fi dé òpin tí a mẹ́nu bà lókè; láti ibẹ̀ lọ, fóltéèjì dúró sójú kan, iná tó ń wọlé á wá máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdá 20 tó gbẹ̀yìn fi máa ń falẹ̀, tí ìpolówó sì fi ń fẹ́ràn láti sọ iye ìṣẹ́jú tí fóònù fi dé ìdá 50.

Ṣájà àti okùn gbọ́dọ̀ bá fóònù mu. USB Power Delivery ni ìlànà tó kárí. Láti 2021, ó lè dé wáàtì 240. Okùn tó bá máa gbé ju áńpíà 3 lọ gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù kékeré kan nínú tó ń sọ ohun tó lè gbé. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ìlànà tirẹ̀ lè ṣe fóònù tó ń gba wáàtì 100 lára ṣájà tirẹ̀, kí ó má gbà ju 15 tàbí 18 lọ lára ti ẹlòmíràn. Ní ti ṣíṣájì aláìníwáyà, Qi ni ìlànà tó gbajúmọ̀. Qi2, tó fi mágínẹ́ẹ̀tì kún un, jáde ní 2023.

Ojú fóònù

Láti igun dé igun ni wọ́n ń wọn ojú fóònù, wọ́n sì máa ń wọ̀n ọ́n bí ẹni pé igun náà ṣe ṣóńṣó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rí róbótó. Hz ni iye ìgbà tí àwòrán ń tún ara rẹ̀ yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; ojú LTPO lè wálẹ̀ láti 120 dé 1 láti fi iná pamọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ga jù tí wọ́n ń fi nits kọ sábà máa ń jẹ́ ti apá kékeré lára ojú náà fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe ti gbogbo rẹ̀.

Kámẹ́rà

Mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì púpọ̀ kò túmọ̀ sí àwòrán tó dára. Kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 200 sábà máa ń pa píksẹ́ẹ̀lì 16 pọ̀ di ẹyọ kan, àwòrán tó ń jáde á sì jẹ́ 12.5. Bí sẹ́ńsọ̀, apá tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ṣe tóbi tó ló ṣe pàtàkì jù, níbi tí kò bá ti sí ìmọ́lẹ̀ dáadáa pàápàá. Sẹ́ńsọ̀ "íǹṣì 1" kì í ṣe íǹṣì kan ní tòótọ́: láti igun dé igun, ó tó nǹkan bíi mílímítà 16. Ayé túùbù kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ni orúkọ náà ti kù sílẹ̀.

Ṣíìpù àti mẹ́mórì

Ní ti ṣíìpù, "3 nm" ti di orúkọ ìran. Kò sí apá kan pàtó nínú rẹ̀ tó jẹ́ nánómítà 3. RAM àfikún tí wọ́n ń polówó jẹ́ ibi ìpamọ́ tí wọ́n yá lò, kò sì lè yára bíi RAM gidi. 128 GB náà máa ń hàn bíi 119 nínú àwọn ètò tó ń fi 1,024 ṣírò, láì tíì yọ ibi tí ètò fóònù fúnra rẹ̀ gbà.

Omi àti eruku

Ìlànà àgbáyé IEC 60529 ló ni àmì IP, bíi IP68. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti eruku, 6 ló ga jù. Ìkejì jẹ́ ti omi, 9 ló ga jù. 7 túmọ̀ sí mítà 1 nínú omi fún ìṣẹ́jú 30. 8 kò ní ìwọ̀n kan pàtó, ilé-iṣẹ́ ló ń sọ tirẹ̀: Apple kọ mítà 6 fún iPhone 12, Samsung kọ mítà 1.5 fún ọ̀pọ̀ Galaxy S, IP68 sì ni àwọn méjèèjì. Pé fóònù gba 8 kò túmọ̀ sí pé ó gba 9, tó jẹ́ ti omi gbígbóná tí wọ́n fi agbára tu sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ méjèèjì pọ̀. Omi lásán ni wọ́n fi ń dán an wò, kì í ṣe omi òkun tàbí omi ọṣẹ. Gọ́ọ̀mù tó ń dí omi máa ń gbó, fóònù tí wọ́n bá sì ti tú rí lè má dí mọ́.

Páwà báǹkì, aago àti íápíìsì

Iye tí wọ́n ń kọ sára páwà báǹkì jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ní fóltì 3.7. 10,000 mAh jẹ́ 37 Wh. Bó bá di fóltì 5 kó tó jáde, ó ti di 7,400 mAh, ooru á sì tún bù nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, 100 Wh ni òpin tí èèyàn lè gbé láì gba àṣẹ, ẹrù àfọwọ́gbé ló sì gbọ́dọ̀ wà. 27,000 mAh fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpin náà gẹ́lẹ́.

Àmì 5 ATM lára aago, tó ń sọ ìfúnpá omi tó lè fara dà, kò ní kí èèyàn fi í wọmi dé mítà 50. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi wọn ìfúnpá náà. Wákàtí tí wọ́n ń kọ fún íápíìsì sábà máa ń ka iná inú àpótí rẹ̀ mọ́ ọn.

Òfin

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ti ṣòfin jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 2024, fóònù tuntun tó bá ń gba iná lára wáyà gbọ́dọ̀ ní ihò USB-C. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2025, bátìrì gbọ́dọ̀ ṣì ní ìdá 80 lẹ́yìn àyípo 800, fóònù sì gbọ́dọ̀ ní àmì tó ń sọ iye àyípo náà àti bó ṣe lè fara da ìṣubú. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá fẹ́ kí oníṣe máa pààrọ̀ bátìrì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bátìrì tó ní ìdá 83 lẹ́yìn àyípo 500 àti ìdá 80 lẹ́yìn 1,000, fóònù náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí eruku wọlé, ó gbọ́dọ̀ lè wà nínú omi mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30.