Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà: ṣé ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n jà fún lóòótọ́?

Tí ọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bá délẹ̀, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó sọ pé ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ ló dá a sílẹ̀. Á ní ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo ẹrú, ń gbèjà, pé wọn ò fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ máa tojú bọ ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Lẹ́yìn ogun ló wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀gá gúúsù ń wá bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ tí ojú ò fi ní tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká yẹ òfin tí wọ́n ṣe ní 1850 lórí ẹrú tó bá sá lọ wò. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni, gúúsù ló sì fàáké kọ́rí pé àfi kí wọ́n ṣe é. Bí ẹrú bá sá láti Virginia dé Boston, olówó rẹ̀ á mú ìwé lọ bá òṣìṣẹ́ kan tí ilé ẹjọ́ àpapọ̀ yàn. Ẹni tí wọ́n mú kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fún ara rẹ̀, kò sì sí ìgbìmọ̀ ará ìlú tó máa gbọ́ ẹjọ́ náà. Bí òṣìṣẹ́ yẹn bá ní kí wọ́n dá a padà sóko ẹrú, dọ́là 10 ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, dọ́là 5 ni. (Wọ́n ní ìwé tó máa kọ ló pọ̀ jù tó bá jẹ́ ìdápadà. Kí olúkálùkù fi ọgbọ́n tirẹ̀ wò ó.) Ẹni tó bá fi ẹrú pamọ́ lè san owó ìtanràn tó dọ́là 1,000, kó sì tún ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kódà, ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ lójú títì, wọ́n lè pè é pé kó wá bá wọn mú èèyàn.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 1854, sójà to sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Boston nítorí ọkùnrin kan ṣoṣo, Anthony Burns, ẹrú tó sá, tí wọ́n ń mú lọ sínú ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e padà sí Virginia. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú dúró, wọ́n ń hó lé wọn lórí. Ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ wo ni Massachusetts, ìpínlẹ̀ tí Boston wà, ní lọ́jọ́ yẹn?

Àríwá ló wá ń ké pe ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀. Ní Wisconsin, àwọn èèyàn fọ́ ẹ̀wọ̀n Milwaukee ní 1854, wọ́n tú Joshua Glover, ẹrú tó sá, sílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sì ní òfin 1850 kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1859, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ wọn dànù. Nígbà tí South Carolina fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1860, ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Lára ẹ̀sùn tó kà ni pé àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ń ṣe òfin tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ẹrú wọn gbà padà, àti pé New York kò jẹ́ kí èèyàn mú ẹrú gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ìpínlẹ̀ míì ń lo ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Òfin àpapọ̀ tó bá sì dí wọn lọ́wọ́ ńkọ́? Láti 1808 ni kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà láti òkè òkun ti di èèwọ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Keje 1860, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Ouidah dé Mobile ní Alabama, àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá sì wà nínú wọn. Ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó dà báyìí, ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì ló wà, Democrat àti Whig. Ọmọ àríwá àti ọmọ gúúsù jọ wà nínú méjèèjì, ohun tó sì so wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n ń yẹra fún ọ̀rọ̀ ẹrú. Láti 1836 sí 1844, ìwé ẹ̀bẹ̀ tó bá ti dá lórí ẹrú, ńṣe ni ilé aṣojúṣòfin ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìgbọ́ ọ. Ilẹ̀ tuntun ni kò jẹ́ kí wọ́n lè panu mọ́ mọ́. Ní 1846, bí ogun pẹ̀lú Mẹ́síkò ṣe ń lọ, David Wilmot láti Pennsylvania dá a lábàá pé kí ẹrú má wọ ilẹ̀ èyíkéyìí tí wọ́n bá gbà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe dìbò, ẹgbẹ́ ò kà mọ́. Ibi tí kálukú ti wá ni wọ́n ń wò.

Ọdún 1854 ló wá tú gbogbo ẹ̀ ká. Stephen Douglas láti Illinois fẹ́ dá ìjọba sílẹ̀ ní Kansas àti Nebraska. Gúúsù ò fún un ní ìbò, àfìgbà tó gbà pé kí wọ́n pa ààlà 1820 rẹ́, èyí tó ní kí ẹrú má kọjá sí apá àríwá ilẹ̀ náà. Òfin náà wọlé, Whig sì fọ́ yángá. Nínú Democrat àríwá 44 tó dìbò fún un nílé aṣojúṣòfin, 7 péré ni àwọn ará ìlú dá padà sípò. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Republican sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀ rárá ní gúúsù. Ní 1856, olùdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, John Frémont, jáwé olúborí ní 11 nínú ìpínlẹ̀ 16 tí kò gba ẹrú.

Nínú ilé aṣòfin gan-an, ọ̀rọ̀ ti di ti ọ̀pá. Ní oṣù Karùn-ún 1856, Preston Brooks láti South Carolina wọ ilé aṣòfin àgbà, ó sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ lu Charles Sumner, aṣòfin àgbà tó ń tako ẹrú, títí ọ̀pá fi kán, nítorí ọ̀rọ̀ tí Sumner sọ lórí Kansas. Wọ́n ti kan tábìlì Sumner mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfìgbà tó fa á tu kó tó rí àyè dìde. Ìdìbò tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn Brooks tún yàn án, àwọn kan sì fi ọ̀pá tuntun ránṣẹ́ sí i.

Democrat nìkan ló kù tó gba àríwá àti gúúsù mọ́ra. Ní oṣù Kẹrin 1860, wọ́n pàdé ní Charleston. Gúúsù ní kí ẹgbẹ́ ṣèlérí pé ìjọba àpapọ̀ á máa dáàbò bo níní ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ tí kò tíì di ìpínlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ni o! Àwọn aṣojú àríwá kọ̀, ọ̀pọ̀ aṣojú gúúsù bá fìbínú jáde. Wọ́n dìbò nígbà 57 láìrí olùdíje, ẹgbẹ́ wá pín sí méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìpínyà yìí ló gbé Abraham Lincoln, olùdíje Republican, wọlé sípò ààrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ará ìlú tó rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń yan ààrẹ, 180 ló ní, 152 ló sì nílò. Bí ẹ bá da ìbò àwọn mẹ́ta tó bá a díje pọ̀ sójú kan, California, Oregon àti New Jersey nìkan ló máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì ṣì ku 169.

Lincoln ò sì sọ pé òun máa tú ẹrú sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Kí ẹrú má tàn dé ilẹ̀ tuntun ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ìṣirò tó wà nílé aṣòfin àgbà ló ń ba gúúsù lẹ́rù. Kí California tó wọlé ní 1850, ìpínlẹ̀ 15 ni kò gba ẹrú, 15 ló gbà á. Nígbà tí Minnesota wọlé ní 1858 àti Oregon ní 1859, ó di 18 sí 15, kò sì sí ilẹ̀ ẹrú tuntun kankan lọ́nà.

Àwọn tó bá ní owó ibodè lórí ọjà òkèèrè náà wà lára ohun tó fa ogun, kí wọ́n wo ọjọ́ dáadáa. Ní 1857, wọ́n dín owó náà kù, gúúsù sì fọwọ́ sí i. Oṣù Kẹta 1861 ni wọ́n tó fi òfin tuntun gbé e sókè, ìpínlẹ̀ méje sì ti fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ nígbà náà.

Nínú oṣù yẹn kan náà ni gúúsù kọ ìwé òfin ilẹ̀ tiwọn. Ó ní ilé aṣòfin wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe òfin tó máa tàbùkù sí níní èèyàn dúdú lẹ́rú, àti pé ẹrú ẹni kò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá mú un lọ sí ìpínlẹ̀ míì nínú àjọṣe tuntun wọn, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ ọ̀hún ò fẹ́.