Àmì Yunifásítì: Ọ̀rọ̀ Ni Kó Tó Di Àwòrán

Bí yunifásítì kan bá ti tún àmì ara rẹ̀ yà, ariwo a ta: wọ́n ti yí i padà o, kìnnìún àtijọ́ rù, èyí sanra, ìrù rẹ̀ kò tiẹ̀ ká mọ́. Ohun tí àwọn tó ń pariwo rò ni pé àwòrán ni àmì náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ètò yìí ti fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló jẹ́, tó ń sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí asà. Ayàwòrán ló máa ń wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí ojú rí.

Lọ́dún 1573, nígbà Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ni Yunifásítì Cambridge gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Robert Cooke. Oyè Cooke ni Clarenceux, ọ̀kan lára àwọn olóyè College of Arms ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé tó ń fún ni ní irú àmì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1484. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ àmì náà sí èdè wa, yóò lọ báyìí: ilẹ̀ asà pupa; àgbélébùú onírun funfun lórí rẹ̀, tó ní àmì dúdú wínníwínní; kìnnìún wúrà mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń rìn lọ, wọ́n sì kọjú sí ẹni tó ń wò wọ́n; ìwé pupa kan ní pípadé, tó dùbúlẹ̀ láàárín àgbélébùú, ìkọ́ rẹ̀ jẹ́ wúrà. Ó tán. Kò sọ bí ìrù kìnnìún yóò ti gùn tó. Kò sọ irú pupa wo. Ayàwòrán ayé Elizabeth fi búrọ́ọ̀ṣì ya tirẹ̀, tòde òní fi kọ̀ǹpútà ya tirẹ̀, kò sì séyìí tó purọ́ nínú wọn.

Ilà ojú ni ká fi wé e. Bàbá kọ àbàjà, ọmọ kọ àbàjà. Abẹ olóólà kan wọlé ju ti èkejì lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kò sì fẹ̀ tó ti bàbá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa wo ọmọ náà kó ní wọ́n ti yí ilà ìdílé padà. Ṣùgbọ́n bí olóólà bá mú ilà mẹ́ta tó yẹ kó dùbúlẹ̀, tó wá gbé wọn dúró, ó ti ń lọ sọ́nà pélé nìyẹn. Ojúlé mìíràn ló fi ọmọ hàn sí.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ ni, ohun tó bá bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi ọ̀dà kùn. Ìtí àlìkámà mẹ́ta ló wà lórí asà ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard tẹ́lẹ̀, àmì ìdílé Royall, tí wọ́n kó ẹrú ṣiṣẹ́ nínú oko wọn ní Antigua. Kò sí bí ayàwòrán ṣe lè tún ìtí wọ̀nyẹn yà tí wọn ò ní jẹ́ ti Royall. Lọ́dún 2016, wọ́n yọ asà náà kúrò. Ọdún 2021 ni wọ́n tó gbé tuntun jáde.

Òǹtẹ̀ wá jẹ́ nǹkan mìíràn. Òfin tó dá yunifásítì ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà sábà máa ń sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ẹnìkan lójú òfin, ó lè peni lẹ́jọ́, a lè pè é lẹ́jọ́, ó sì ní òǹtẹ̀. Ẹni tí kò lọ́wọ́, kí ni yóò fi tọwọ́ bọ̀wé? Òǹtẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀. Irin méjì ni, ọ̀kan jin wọnú, èkejì yọ síta; wọ́n á ki bébà sáàárín, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí yíǹkì níbẹ̀. Ìka á ti mọ̀ pé ó wà lórí ìwé-ẹ̀rí kí ojú tó rí i, fótókọ́pì kò sì lè gbé e. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n ó gbówó lórí.

Ìṣòro kan ló kù bí wọ́n bá gbẹ́ asà sójú òǹtẹ̀: ìda tàbí bébà tí wọ́n tẹ̀ kò ní ju àwọ̀ kan lọ. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé pupa ni ilẹ̀ asà? Lọ́dún 1638, àlùfáà Jesuit ará Ítálì kan, Silvester Petra Sancta, tẹ ìwé kan jáde tó fi ilà sọ àwọ̀. Òun nìkan kọ́ ló ronú kàn án, àmọ́ tirẹ̀ ló gbilẹ̀. Ilà tó dúró lóòró ni pupa. Èyí tó dùbúlẹ̀ ni búlúù. Èyí tó dagun láti òkè lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń wò ó wá sísàlẹ̀ ni àwọ̀ ewé. Òró àti ìbú tó gba orí ara wọn kọjá ni dúdú. Wúrà ní tóótòtó, fàdákà ló ṣe ọ̀bọ̀rọ́. Asà náà kọlà, bẹ́ẹ̀ olóólà kankan ò débẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí àmì tí ìgbìmọ̀ yunifásítì kan bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán, dípò ọ̀rọ̀, máa ṣe bí aṣọ àyálò. Àwọ̀ ń wọnú àwọ̀ lára rẹ̀, òjìji wà lábẹ́ ìwé, iná ń tàn lẹ́yìn ògùṣọ̀. Ka èyí fún ayàwòrán lórí fóònù, kò ní mọ ibi tó máa mú. Gbé e fún alágbẹ̀dẹ òǹtẹ̀, á ní kí lòun máa gbẹ́. Òmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé yíǹkì aláràbarà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé-ẹ̀rí dípò irin. Ó dùn ún wò. Ìka kàn ń yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni.