"Ṣebí Ó Ṣì Ń Rìn": Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Tó Wà Lọ́wọ́ Àwọn Ẹbí Wa

Ohun tó ń pa ọkọ̀ jù nílùú Àkúrẹ́ kì í ṣe àìlówó. "Ṣebí ó ṣì ń rìn" ló ń pa á. Ẹ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká á máa gbé Camry rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á máa gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, odindi ọdún á yí po láìsí ẹni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá ní kó gbé e wá fún sàfíìsì, á ní, "Kí ló ṣe é? Ṣebí ó ṣì ń rìn." Òótọ́ ni, ó ń rìn. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa kú lọ́la náà ń rìn lónìí.

Nígbà tí wọ́n bá wá fi okùn wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa mẹkáníìkì, ẹni tó ni ín kọ́ ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ọmọ ni, tàbí àbúrò, tàbí ọkọ ọmọ, ẹni tí owó àtúnṣe máa já lé léjìká. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin ọmọ àti àbúrò ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn bàbá ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wọn, wọ́n ti kọ etí ikún sí i. Ìwọ̀nba ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò pọ̀, ẹ lè ṣe é fúnra yín lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ ẹ bá lọ kí wọn.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Àwíjàre tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé, "Mi ò kì í fi rìn jìnnà. Láti Òkè Àró dé Ọjà Ọba náà ni." Ìrìn kúkúrú bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ba ọ́ìlì jẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jó epo, omi wà lára ohun tó ń tibẹ̀ jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì yọ́ wọ inú ọ́ìlì pẹ̀lú epo tí kò jó tán. Tí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, tí ọ́ìlì gbóná dáadáa, omi yẹn á fẹ́ lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pa kó tó gbóná tán kì í rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ọ́ìlì lomi á jókòó sí, á máa sọ ọ́ di ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí àwọn ojú ihò tín-ín-rín tí ọ́ìlì ń gbà gòkè. Nítorí náà, ẹ má fi ìrìn nìkan ṣírò. Tó bá rin 5,000 kìlómítà, tàbí tí oṣù 6 bá pé, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ pọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà. Nǹkan bíi máìlì 3,100 ló tó 5,000 kìlómítà. Mo mọ àwọn tó ń dúró kí ọkọ̀ ka 5,000 lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, láì mọ̀ pé wọ́n ti rin 8,000 kìlómítà.

Àwíjàre kejì ni pé, "Iná ọ́ìlì ò tíì tàn." Iná pupa yẹn kò sí fún kó sọ fún yín pé ọ́ìlì ti dín. Ìgbà tí agbára tó ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì bá ti já ló ń tàn, nígbà yẹn irin ti ń họ irin. Tẹ́ ẹ bá rí i lójú ọ̀nà, ẹ má ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé ilé epo tó wà níwájú. Ibi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ti lè dúró láìséwu ni kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ tún yẹ nǹkan kan wò lára ọkọ̀ wọn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, àmọ́ ẹ má tíì sítáàtì rẹ̀. Gbogbo iná ìkìlọ̀ ló yẹ kó tàn. Tí ti ọ́ìlì tàbí ti ẹ́ńjìnnì kò bá tàn rárá, yálà gílóòbù rẹ̀ ti jó, tàbí ẹnì kan ti yọ ọ́ kí ọkọ̀ lè tà. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi téèpù dúdú lẹ̀ bò ó lójú, tí ẹni tó ni ín ń yangàn pé ọkọ̀ òun kì í dá wàhálà sílẹ̀.

Yíyẹ ọ́ìlì wò kò le. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú (mo mọ̀ pé ìyẹn gan-an ṣòroó rí ládùúgbò àwọn kan ní Àkúrẹ́), ẹ pa á, kẹ́ ẹ sì dúró bí ìṣẹ́jú 10 kí ọ́ìlì lè ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ fa géèjì, irin gígùn tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà kó wọlé délẹ̀, kẹ́ ẹ wá fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí lẹ ó kà. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀, àárín wọn ló yẹ kí ọ́ìlì wà, kó sì sún mọ́ ti òkè. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, àlàfo àmì méjèèjì tó nǹkan bíi lítà 1. Ẹ má dà á kọjá àmì òkè, torí ọ́ìlì àpọ̀jù náà ń ba nǹkan jẹ́. Tó bá dúdú, ẹ má jáyà, ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì ló ń kó mọ́ra, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Géèjì tó gbẹ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá ń gun Camry 2007 sí 2009, èyí tí à ń pè ní Muscle, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, kó fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n mọ ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́ jíjẹ ọ́ìlì, àwọn ríìǹgì písítìnì rẹ̀ ló ń fà á. Ó lè má jò sílẹ̀, kó má rú èéfín tójú rí, kí ọ́ìlì sì máa dín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n lè ṣe sàfíìsì rẹ̀ tán ní oṣù kìíní, kí géèjì ti gbẹ kó tó di oṣù kẹrin. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n máa wo tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ọ́ìlì náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ń ṣa ike òfìfo kiri, wọ́n ń rọ ìdọ̀tí sínú rẹ̀, wọ́n ń dé e padà. Ẹ wo ìdérí rẹ̀ bóyá wọn ò tíì já a, kẹ́ ẹ sì fi ìṣó lu ike yín tẹ́ ẹ bá lò ó tán. Mẹkáníìkì tó bá ń bínú torí pé ẹ lu ike, ẹ fura sí i.

Omi rédíétọ̀ ló kàn. Ìyá kan tó ń ta aṣọ wà lára àwọn oníbàárà wa. Nígbàkígbà tó bá ń lọ sí Ọ̀wọ̀, á ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì sínú búùtù. Àràárọ̀ ló ń bu omi kún rédíétọ̀, ó sì gbà pé ìtọ́jú ọkọ̀ lòun ń ṣe. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé ọkọ̀ náà wá. A ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, inú rẹ̀ funfun, ó ń yọ̀, bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Tó bá jẹ́ ìdérí nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ omi ìrìn kúkúrú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ nígbà tá a fa géèjì yọ, òun náà funfun. Omi ti bá ọ́ìlì pàdé, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ti lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe omi nìkan ló ń jẹ ni?" lọmọ náà ń bi mí. Nígbà tí wọ́n fi máa tú u, tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, ti tẹ̀.

Rédíétọ̀ kì í "jẹ" omi. Yíyí po lomi inú rẹ̀ ń yí po, kò yẹ kó máa tán. Tó bá ń dín láràárọ̀, ibì kan ló ń gbà lọ: ọ́ọ̀sì lè ti là, wọ́tà pọ́ǹpù lè máa jò, ó sì lè jẹ́ inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀. Nígbà míì ìdérí rédíétọ̀ lásán ni. Omi lásán máa ń hó ní 100°C. Ìdérí yẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má tètè hó. Tí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti rọ, omi á hó, á tú dànù. Ìdérí kò wọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Kẹ́ ẹ sì fi kọ́ọ́lááǹtì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, sí i dípò omi kànga tàbí ti bọhóòlù. Omi ilẹ̀ ní èròjà nínú tó ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù, ó sì ń mú kí irin dípẹtà. Àwọn kan nínú àwa mẹkáníìkì tún máa ń yọ tẹmọsitáàtì, èyí tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, sọnù, wọ́n ní ojú ọjọ́ wa gbóná. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó bó ṣe yẹ á máa jẹ epo, ọ́ìlì rẹ̀ á sì tètè bàjẹ́.

Tí géèjì ooru bá gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣí rédíétọ̀, kò sí bí ìkánjú ṣe lè tó. Omi gbígbóná yẹn á fò síni lójú. Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì tó gbóná, irin á sán.

Ní ti táyà, ẹ wá lẹ́tà DOT lára rẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ó lè wà lápá inú táyà, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọdún 4 ni FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, máa ń sọ pé kéèyàn lò ó mọ. Àwọn àgbà máa ń sọ fún mi pé, "Ojú rẹ̀ ṣì wà." Ojú lè wà kí rọ́bà ti gbó. Ọkọ̀ tó ń pẹ́ níbi ìgbọ́kọ̀sí, tí oòrùn ń pa, ni tirẹ̀ máa ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú tó jẹ. Fún iye afẹ́fẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo bébà tó lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wà láàárín 30 sí 35 PSI. Àárọ̀ kùtù tí táyà tutù ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má sì gbà kí fọkanáísà fi ojú díwọ̀n.

Bíréèkì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá ń han tíín-ín nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, páàdì ti fẹ́ tán. Tó bá ń dún gìrìgìrì, páàdì ti tán pátápátá, ó ti ń jẹ díìsì. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ọdún méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń gun ọ̀nà olókè bíi ti Ìdànrè kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré. Tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, tí wọ́n kàn fẹsẹ̀ lé bíréèkì títí, á gbóná, omi inú ọ́ìlì rẹ̀ á hó, ẹsẹ̀ á wá rì wọlé láìsí ìdádúró. Gíà ni kí wọ́n fà sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ ọlọ́tọmátíìkì, lẹ́tà L tàbí nọ́ńbà 2 tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bátìrì, wáípà, fílítà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ọyẹ́: ẹ wò wọ́n, kẹ́ ẹ kọjá.

Ó wá ku ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbé e gbà. Ẹ má lọ dúró síwájú bàbá yín kẹ́ ẹ máa sọ pé, "Ẹ ò kì í tọ́jú ọkọ̀." Ìjà nìyẹn ń dá sílẹ̀. Ẹ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n gbé ọkọ̀ yín lọ fọ̀." Inú wọn á dùn, wọ́n á fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Kẹ́ ẹ tó dé ibi ìfọkọ̀, ẹ ti wo géèjì, omi àti táyà. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ fún òbí rẹ̀ ní Kérésì, tí kò ya owó sàfíìsì sọ́tọ̀, ìnáwó ló rà fún wọn. Lójú tèmi, kéèyàn ra Corolla kékeré kó sì máa sanwó ìtọ́jú rẹ̀ sàn ju kó ra jíìpù ńlá tí owó ìfẹ̀yìntì bàbá kò lè ra táyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó tàbí lókè òkun, ẹ má fi owó sàfíìsì ránṣẹ́ sí bàbá. Á fi san owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíì, mi ò sì bá a wí. Mẹkáníìkì ni kẹ́ ẹ san án fún, kó sì fi àwòrán ike ọ́ìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já àti fílítà àtijọ́ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ ní kó kọ ọjọ́ náà àti iye tí ọkọ̀ ti rìn sórí bébà, kó fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíì tó bá ṣí i lè rí i. Kẹ́ ẹ sì ṣètò fóònù tiyín kó máa rán yín létí ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.