Bí Okùn Bá Já: Àtúnṣe Àwòrán Ipò iSCSI

Bí okùn nẹ́tíwọ̀kì bá já nísinsìnyí, kí ni kọ̀ǹpútà tó ń kọ fáìlì sórí díìsìkì tó wà ní yàrá kejì yóò ṣe? Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi àwòrán ipò nìyẹn nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé e fún mi láti tún ṣe.

iSCSI ni ìlànà tí mo mọ̀ jù. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lo díìsìkì orí nẹ́tíwọ̀kì bí ẹni pé inú ara rẹ̀ ló wà. Ẹni tó ń bèèrè là ń pè ní initiator. Ẹni tí díìsìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni target. RFC 3720 (RFC ni ìwé tí wọ́n ń kọ ìlànà nẹ́tíwọ̀kì sí) ló gbé e jáde lọ́dún 2004, RFC 5048 tún àwọn ibi kan ṣe ní 2007, RFC 7143 sì kó gbogbo rẹ̀ sójú kan ní 2014.

Àpótí àti ọfà ni àwòrán ipò. Àpótí ni ibi tí ìsopọ̀ wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọfà ni ohun tó lè gbé e kúrò níbẹ̀. Ní S1, kò tíì sí nǹkan kan. Ní S4, ìwọlé ń lọ lọ́wọ́. S5 ni iṣẹ́ gidi ti ń ṣẹlẹ̀. Ní S6, a ti dágbére, a ń retí èsì. S8 ni ibi ìpalẹ̀mọ́.

Ẹ padà sórí okùn tó já yẹn. Bó bá já ní S4, S1 ni ọfà ń lọ tààrà. Bó bá já ní S5, S8 ló ń lọ. Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i máa ń fẹ́ sọ méjèèjì di ọ̀kan kí àwòrán lè mọ́ lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ní S4, ẹnikẹ́ni ò tíì gbé ẹrù fún ẹnìkejì. Ní S5, initiator lè ti fi àṣẹ mẹ́wàá ránṣẹ́ pé kí wọ́n kọ nǹkan sórí díìsìkì, kó sì jẹ́ mẹ́ta péré ló gba èsì wọn. Méje tó kù ńkọ́? Ṣé wọ́n ti dórí díìsìkì ni, àbí ọ̀nà ni wọ́n há sí? Ẹni tó bá sáré padà sí S1 ti sá fún gbèsè. S8 ni wọ́n ti ń ṣírò gbèsè yẹn.

Aago méjì ló ń ṣọ́ ọ. Bí a kò bá yí wọn padà, Time2Wait jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2: ó kéré tán, initiator gbọ́dọ̀ ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbìyànjú àtisopọ̀ padà. Time2Retain jẹ́ 20: lẹ́yìn sùúrù yẹn, target lè di iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ mú títí di ìgbà náà. Bí àwọn méjèèjì bá ń dúnàádúrà, iye tó tóbi jù ló ń borí nínú ti àkọ́kọ́, èyí tó kéré jù nínú ti kejì. Mo fẹ́ràn ìpinnu yìí gan-an. Kò kán ẹni tó nílò àkókò lójú, kò sì di ẹrù lé ẹni tí àyè rẹ̀ kéré.

Nílé iṣẹ́ kan tí mo wà tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ya S6 pẹ̀lú ọfà kan ṣoṣo tó jáde: èsì ìdágbére dé, ó di S1. N kò ya ti okùn tó já. Ọjọ́ tó já láàárín ìdágbére, ètò náà dúró gbagidi, ó ń retí èsì tí kò lè dé mọ́. A ní láti pa kọ̀ǹpútà náà ká tún un tàn kí ẹlòmíràn tó lè lo díìsìkì yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ń dúró de iṣẹ́ wọn. Ó dùn mí.

Látìgbà náà, tábìlì ni mo ń kọ́kọ́ ṣe: ipò lápá kan, ìṣẹ̀lẹ̀ lókè. N kì í fi ojú ihò kankan sílẹ̀ lófìfo. Yálà kí ọfà wà níbẹ̀, tàbí kí n kọ ìdí tí nǹkan náà ò fi lè ṣẹlẹ̀. Tábìlì target yàtọ̀ sí ti initiator: target kò gbọ́dọ̀ wà ní S2 láéláé (ibẹ̀ ni initiator ti ń dúró de ìsopọ̀ tó bèèrè), initiator kò sì gbọ́dọ̀ wà ní S3 (ibẹ̀ ni target ti ń retí kí ìwọlé bẹ̀rẹ̀).

Bí ẹ bá ti yí ọfà kan padà ní S5, ẹ ṣí àwòrán ìjókòó (session, àjọṣe initiator àti target lápapọ̀) náà, nítorí ìjókòó kan lè ní ìsopọ̀ púpọ̀. Bí èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn bá kú, Q3 (ìjókòó ń ṣiṣẹ́) ń di Q4 (ìjókòó ti kùnà). Bí Time2Retain bá sì tán kí ẹnikẹ́ni tó padà wá, Q1 (kò sí ìjókòó mọ́) ló kàn. Ẹ wò ó bóyá ọfà tuntun yín ṣì ń mú ìsopọ̀ débẹ̀.