Tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba ní ìparí àwọn ọdún 1960: ọjọ́ rẹ̀ kò gùn, àwọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ tó bí a ṣe rò

Ẹni tó bá dàgbà ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980 yóò rántí bí a ṣe máa ń jókòó ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, tí a ó máa wo àwọn ọ̀pá aláwọ̀ tó dúró gbagidi lójú rẹ̀, tí a ó sì máa retí orin orílẹ̀-èdè tó fi hàn pé iléeṣẹ́ ti ṣílẹ̀kùn. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ àgbà ń ṣe fún wa ni pé àìrówó ló fà á, pé ní Ìlú Ọba, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ètò ti ń lọ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ń mọ́, tòun ti àwọ̀ mèremère, bẹ́ẹ̀ ló sì ti rí tipẹ́tipẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì wá fi kún ìgbàgbọ́ náà, nítorí pé ẹni tó bá wá eré Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1967 lórí YouTube, aláwọ̀ ni yóò máa rí. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, yálà lórí bí ọjọ́ náà ṣe gùn tó tàbí lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ iṣẹ́ kan ní ọdún 1968, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, ká sì jókòó ti ẹ̀rọ náà láti òwúrọ̀. Ìkànnì mẹ́ta péré ló wà: BBC1, BBC2 tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1964, àti ITV tó ń fi owó ìpolówó ọjà jẹun. Ẹni tó bá tan BBC1 ní aago méje òwúrọ̀ kò ní í bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ètò àwọn ọmọ iléèwé ni yóò kọ́kọ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, inú kíláàsì ni wọ́n sì ti ń wò ó. Bí iléèwé bá wà ní ìsinmi, ìyẹn náà kò sí. Ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, ètò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan wà fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó iléèwé lọ, èyí tí ìyá yóò jókòó bá ọmọ wò. Ìròyìn ṣókí tẹ̀ lé e, ètò iléèwé díẹ̀ tún wọlé, ojú ẹ̀rọ sì tún dákẹ́. Ó di ìgbà tí aago márùn-ún ń sún mọ́lé kí nǹkan tó tún ṣí, pẹ̀lú Jackanory, níbi tí òṣèré kan ti ń jókòó sórí àga ka ìtàn fún àwọn ọmọdé. The Magic Roundabout gba ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ tó dé, ìgbà yẹn gan-an ni a tó lè sọ pé tẹlifíṣọ̀n ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ti BBC2 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: Play School ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, tí kò gbà tó ìdajì wákàtí, lẹ́yìn èyí ó di nǹkan bí aago méje alẹ́.

ITV kò tilẹ̀ ṣeé pè ní ìkànnì kan ní ìtumọ̀ tí a mọ̀ lónìí, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ ẹlẹ́kùnjẹkùn ló pín in láàárín ara wọn. Ohun tí ará Manchester ń wò lálẹ́ kì í sábà jẹ́ ohun tí ará London ń wò, ìròyìn News at Ten, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, sì wà lára ohun díẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé òun mọ ohun tí “gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì” wò lórí ITV ní ọjọ́ kan pàtó ti sọ àsọdùn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin ló jẹ́ kí ọjọ́ náà kúrú bẹ́ẹ̀, owó kọ́. Ìjọba, láti ọwọ́ mínísítà tí wọ́n ń pè ní Postmaster General, ló ń pinnu iye wákàtí tí BBC1 àti ITV lè lò lórí afẹ́fẹ́, iye ọ̀hún kò sì ju nǹkan bíi 50 wákàtí àti díẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tí í ṣe bíi wákàtí méje lóòjọ́. Wọn kì í ka ètò iléèwé, ètò ìsìn àti eré ìdárayá tí wọ́n ń gbé jáde láti orí pápá mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ọ̀sán Sátidé fi ń kún fún eré ẹṣin àti bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àkókò tó ju wákàtí kan lọ wà ní ìrọ̀lẹ́, láti aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan. Nǹkan ti le jù báyìí lọ rí: títí di oṣù Kejì ọdún 1957, dandan ni kí gbogbo tẹlifíṣọ̀n dákẹ́ láti aago mẹ́fà sí aago méje ìrọ̀lẹ́, kí àwọn òbí lè ráyè gbé ọmọ lọ sórí ibùsùn, BBC kò sì kánjú àtifòpin sí i, nítorí pé ó ń dín ìnáwó wọn kù. Ó di oṣù Kìíní ọdún 1972 kí ìjọba tó fọwọ́ fa òfin wákàtí náà ya.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló wá lọ́jú pọ̀ jù. Òótọ́ ni pé BBC2 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán aláwọ̀ jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1967, pẹ̀lú ìdíje tẹníìsì Wimbledon, òun sì ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Àmọ́ BBC2 nìkan ni. Ìlà 625 tó tẹ́ lójú ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń to àwòrán rẹ̀ pọ̀, nígbà tí BBC1 àti ITV ṣì wà lórí ìlà 405 ti àtijọ́, ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè gbé e; ẹni tó bá fẹ́ wò ó ní láti ra ẹ̀rọ tuntun, kó sì ri àńténà mìíràn mọ́ orí òrùlé. Ẹ̀rọ aláwọ̀ ńlá kan sún mọ́ 300 pọ́ùn, èyí tó ju owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 1968, láísẹ́ńsì aláwọ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ tí onílé ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún kó tó lè wo tẹlifíṣọ̀n, di pọ́ùn 10, ìlọ́po méjì ti dúdú-àti-funfun. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹta ọdún 1969, àwọn tó ní láísẹ́ńsì aláwọ̀ kò tíì pé 100,000, àwọn tó ní ti dúdú-àti-funfun sì ju mílíọ̀nù 15 lọ. Àwọn ará wa tó wà ní London nígbà náà, tí wọ́n ń kàwé tàbí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí tọkọtaya sì ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo, bí wọ́n bá tilẹ̀ rí tẹlifíṣọ̀n wò, ó dá mi lójú pé kì í ṣe aláwọ̀.

Ibi tí àwọ̀ ti pọ̀ jù lọ lọ́sàn-án nígbà yẹn ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ. Nígbà tí BBC2 kò bá ní ètò, ó máa ń gbé àwòrán ìdánwò kan síta kí àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lè fi wo bí àwọ̀ ṣe rí. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan, Carole Hersee, ló wà nínú rẹ̀, ọmọ ẹnjiníà BBC tó ṣe àwòrán náà. Ó jókòó ti pátákó dúdú kan, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ta ayò olódo àti àmì X pẹ̀lú ọmọlángidi rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló níṣẹ́ tó ń ṣe: àwọ̀ ara ọmọ náà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ojú èèyàn ti pọ́n jù lórí ẹ̀rọ, àmì X tó wà lójú pátákó sì ni àárín gbùngbùn àwòrán. Láti oṣù Keje ọdún 1967 ni ọmọ yìí ti ń wo àwọn èèyàn láìsọ̀rọ̀.

BBC1 àti ITV kò bọ́ sínú àwọ̀ títí di ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1969. BBC1 fi eré orin Petula Clark láti gbọ̀ngàn Royal Albert Hall bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru, bọ́ọ̀lù aláwọ̀ àkọ́kọ́ lórí Match of the Day sì ni Liverpool àti West Ham gbá lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ náà ló rí i. Àwọn erékùṣù Channel, tó wà nínú òkun láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, dúró títí di ọdún 1976.

Níbo wá ni àwọn eré aláwọ̀ ọdún 1967 ti wá? Ọjà Amẹ́ríkà ni ìdáhùn. Àwọn tó ṣe The Prisoner, Captain Scarlet àti The Avengers ọdún náà fẹ́ tà wọ́n fún àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ń béèrè àwọ̀, wọ́n sì ya wọ́n sórí fíìmù aláwọ̀. Àmọ́ nígbà tí ITV gbé wọn jáde nílé, lórí ìlà 405, dúdú àti funfun ló dé yàrá àwọn èèyàn. Abúlé inú The Prisoner, tó kún fún agbòòrùn àti aṣọ onílà lóríṣiríṣi àwọ̀, tí a ń yìn lónìí, eérú ni lójú ẹni tó wò ó ní 1967. Fíìmù náà ló pẹ́ láyé, nígbà tí ọ̀pọ̀ nǹkan tí BBC gbà sórí téèpù kò pẹ́. Téèpù wọ́n, nítorí náà wọ́n ń pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. Ó lé ní àádọ́rùn-ún apá Doctor Who ti àwọn ọdún 1960 tó sọnù bẹ́ẹ̀, dúdú-àti-funfun sì ni gbogbo wọn. Èyí tó ṣẹ́ kù ló ń purọ́ fún wa nípa èyí tó lọ.

Alẹ́ kan ṣoṣo ni wọn kò pa ẹ̀rọ. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1969, nígbà tí Neil Armstrong fi ẹsẹ̀ kan òṣùpá ní nǹkan bí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́rin lówùúrọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC1 àti ITV ṣì wà lórí afẹ́fẹ́, irú rẹ̀ kò sì wáyé rí níbẹ̀. Àwọn kan máa ń búra pé aláwọ̀ ni àwòrán tí àwọn rí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà dúdú-àti-funfun ni àwọn arìnrìn-àjò náà gbé sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tiwa ti ọdún 1968, bí ọ̀gànjọ́ ti ń sún mọ́, olùkéde BBC1 yóò kí gbogbo èèyàn pé ó dàárọ̀, orin tí wọ́n fi ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún Ọbabìnrin yóò dún, ojú ẹ̀rọ yóò sì ṣú. Ẹni tó ṣì jókòó yóò dìde yí bọ́tìnnì, àwòrán yóò sún kì títí yóò fi ku ẹyọ ẹ̀kán funfun kan láàárín dígí, tí yóò sì pẹ́ díẹ̀ kó tó kú.