Ohun Tí À Ń Wò Nínú Ẹ̀jẹ̀ Kí A Tó Yọ Àpò Ìtọ̀

"Àpò ìtọ̀ ni jẹjẹrẹ wà, ẹ̀jẹ̀ kí ni ẹ tún ń fà lára bàbá wa?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń gbé aláìsàn wá sọ́dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta. Wọ́n sì láre, nítorí owó àyẹ̀wò kì í ṣe kékeré, àpò àwọn ọmọ ló sì ti ń jáde.

FBC ni àyẹ̀wò náà, ìyẹn kíka oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí láàbù tí kì í ṣe é. Ọ̀pọ̀ yín máa ń wo PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa, nìkan lára rẹ̀, ẹ ó sì ká bébà sápò. Ẹ wo ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ó rí neutrophil àti lymphocyte. Sẹ́ẹ̀lì funfun ni méjèèjì, iṣẹ́ wọn ni kò dọ́gba. Neutrophil dà bí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó ń tú jáde bí wọ́n bá kígbe olè: wọ́n pọ̀, wọ́n yára, wọ́n sì lè ba ilé onílé jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jà. Lymphocyte ló ń dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ̀, tó ń dọdẹ rẹ̀.

Ní 1863 ni Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ti kíyè sí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun máa ń wà nínú kókó jẹjẹrẹ. A ti wá mọ̀ báyìí pé ìjà tí kò parí ń ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́, torí èròjà tí neutrophil ń tú sílẹ̀ lè mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun hù wọnú kókó náà, kí oúnjẹ sì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi iye lymphocyte pín iye neutrophil. Bí neutrophil bá jẹ́ 60, tí lymphocyte jẹ́ 30, 2 la ó rí. Bó bá jẹ́ 78 àti 13, ó di 6. Nínú ìwádìí léraléra lára àwọn tí wọ́n yọ àpò ìtọ̀ wọn nítorí jẹjẹrẹ, àwọn tí nọ́ńbà wọn ga ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni àìsàn náà sábà ń padà sí lára.

Albumin, ìyẹn purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, náà ṣe pàtàkì. Bí ìjà bá pẹ́ nínú ara, tàbí tí aláìsàn kò jẹun dáadáa, ó máa ń wálẹ̀, ojú abẹ a sì pẹ́ kó tó jinná.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ká mi lára. Wọ́n sábà máa ń fa ààlà nọ́ńbà yìí sí 2.5 tàbí 3, ṣùgbọ́n ará Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Éṣíà ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí náà. Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa ni kò ní àmì tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Àìní rẹ̀ ń gbà wá lọ́wọ́ irú ibà kan tó ń jẹ́ vivax, òun náà ló sì ń jẹ́ kí neutrophil wa kéré láìsí àìsàn kankan. Nọ́ńbà tí wọ́n pè ní kékeré lọ́hùn-ún lè ti ga jù fún ọmọ Ẹ̀gbá. Mo fẹ́ràn kí n fi èsì aláìsàn wé èsì tirẹ̀ àtijọ́ ju kí n fi wé ààlà ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa da bébà àyẹ̀wò àtijọ́ nù.

Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, mọ àtọ̀sí ajá dáadáa, àìsàn tí kòkòrò inú omi ń fà, tó ń mú kí ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹyin kòkòrò náà ń há sára ògiri àpò ìtọ̀, ara a máa bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ sì lè ti ibẹ̀ yọ. Àgbàlagbà tó bá tọ ẹ̀jẹ̀, bí kò tiẹ̀ dùn ún rárá, kó má sọ pé ti ìgbà èwe òun ló padà wá.

Bí nọ́ńbà bá ga, kò túmọ̀ sí pé kí a má ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí jẹjẹrẹ ṣe wọlé jìn tó àti bóyá ó ti tàn ṣì wúwo jù ú lọ. A ó wá ibà, a ó wá kòkòrò nínú ìtọ̀, a ó tọ́jú wọn, a ó ní kí sìgá dúró, a ó sì bá oúnjẹ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sún iṣẹ́ abẹ síwájú nítorí àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ tó ti wọ iṣan àpò ìtọ̀, bí a bá fi í sílẹ̀ ju nǹkan bí oṣù 3 lọ, àǹfààní iṣẹ́ abẹ ń dín kù.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, CRP là ń ṣọ́, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí ara bá ń jà. Ó gbọ́dọ̀ ga ní ọjọ́ 2 tàbí 3, torí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀bẹ ni. Lẹ́yìn náà ó yẹ kó máa wálẹ̀. Bó bá tún gòkè, a ó wá ibi tó ń jò, torí ìfun la gé lára rẹ̀ ṣe ọ̀nà tuntun fún ìtọ̀.

Kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún wa, pàápàá àpòpọ̀ oògùn ara ríro tí ẹ rà ní kẹ́míìsì. Dexamethasone tàbí prednisolone sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń gbé neutrophil sókè, wọ́n sì ń fa lymphocyte wálẹ̀, nọ́ńbà a wá burú láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ ló fà á. Bí ẹ bá ti lò ó, a kàn máa tún ẹ̀jẹ̀ fà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ẹ bá ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Àwa la ó sọ bí yóò ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.