Láti orí kẹ̀kẹ́ àfẹsẹ̀tì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́pẹ́dà

Kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan wà tí kò ní pẹ́dà, tí kò ní ṣéènì, tí kò sì ní táyà kéékèèké méjì tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́. Táyà méjì, ọwọ́ àti ìjókòó, ó parí. Ọmọ á jókòó lé e, á máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì máa lọ. Balance bike ni wọ́n ń pè é nílùú òyìnbó. Èmi ń pè é ní kẹ̀kẹ́ àfẹsẹ̀tì, nítorí ohun tí ọmọ ń ṣe lórí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ tó bá ti ń rìn dáadáa, tó ń sún mọ́ ọdún méjì, lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé nǹkan ìṣeré lásán ni, pé ọjọ́ tí ọmọ bá gba kẹ̀kẹ́ gidi ni ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tó le jù nínú kẹ̀kẹ́ gígùn, orí àfẹsẹ̀tì ni ọmọ ti ń ṣe é parí. Àwọn àgbà gan-an ló kọ́kọ́ gun àfẹsẹ̀tì: ní 1817, ní ìlú Mannheim ní Jámánì, Karl Drais gbé kẹ̀kẹ́ onígi kan jáde tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tì í lórí ilẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó so pẹ́dà mọ́ táyà iwájú ní ilẹ̀ Faransé.

Kí wá ni iṣẹ́ tó le náà? Ìdúró déédéé ni. Ẹ rántí bí ọmọdé ṣe ń gbé igi gígùn nàró sórí àtẹ́lẹwọ́: ibi tí igi bá fẹ́ wó sí ni ọwọ́ ń sáré lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́. Bó bá fẹ́ dà sí òsì, ẹni tó gùn ún á yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ sí òsì yẹn kan náà, táyà á sì padà wá sábẹ́ ara rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fẹnu ṣàlàyé èyí fún ọmọ ọdún mẹ́ta kó yé e. Ara rẹ̀ ló ń kọ́ ọ, níbi tó ti ń ti ẹsẹ̀ nílẹ̀, tó ń gbé e sókè, tó tún ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Táyà ẹ̀gbẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọ kọ́ nǹkan yìí, torí kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tẹ̀ sí ibi tó ń yà sí. Ọmọ á kàn fara ti táyà tó wà níta, á sì mọ́ ọn lára. Àṣìṣe tí mo rí jù nìyí: ọmọ ti mọ àfẹsẹ̀tì gùn, wọ́n ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́pẹ́dà fún un, wọ́n sì fi táyà ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u kúrò kí ọmọ tó fojú kàn án.

Ẹ má fi ọjọ́ orí mọ ìgbà tó yẹ. Ọmọ kan á ti ṣe tán ní ọdún mẹ́ta, òmíràn á di márùn-ún. Ohun tí ẹ máa wò ni pé ṣé ó lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ máa yọ́ lọ títí ẹ fi ka ení dé àárùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé ó lè yà ní kọ́nà láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀? Ṣé iwájú ló ń wò, àbí táyà? Bó bá ti ń ṣe gbogbo èyí, ó ti tó.

Ní ti kẹ̀kẹ́ tuntun, ẹ má ra èyí tí “á dàgbà bá a”, bí a ṣe máa ń ra bàtà. Bí ọmọ bá jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ pátápátá. Táyà ínǹṣì 14 tàbí 16 ló sábà máa ń bá wọn mu. Ẹ gbé e wò pẹ̀lú, torí àwọn tòkunbọ̀ míì wúwo gan-an.

Ẹni tí kò bá rí àfẹsẹ̀tì rà lè yọ pẹ́dà méjèèjì lára kẹ̀kẹ́ ọmọdé, kó sọ ìjókòó kalẹ̀, ó ti di àfẹsẹ̀tì nìyẹn. Bí mo ṣe ṣe tiwa nìyí. Sípánà 15 ló sábà máa ń tú u. Pẹ́dà ọ̀tún tú wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tòsì kò mira, bí mo ṣe ń fi agbára sí i tó. Oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò wa ló ń kọjá lọ: “Mọ́mì, ẹ yí i padà, tòsì kì í tú bẹ́ẹ̀.” Ibi tí a máa ń yí nọ́ọ̀tì sí láti fún un ni pẹ́dà òsì ń tú sí. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó ń yí i má baà tú u lójú ọ̀nà.

Nígbà tí pẹ́dà bá padà sáyè rẹ̀, nǹkan méjì péré ló kù láti kọ́: bí a ṣe ń gbéra àti bí a ṣe ń dúró. Láti gbéra, ẹ jẹ́ kí pẹ́dà kan wà lókè, kó yọ síwájú díẹ̀, bí ọwọ́ aago tó wà ní méjì. Ẹsẹ̀ kan lórí rẹ̀, ẹ̀kejì nílẹ̀, kó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ mi kò lè ṣe é báyìí lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń padà sílẹ̀ ṣáá, pẹ́dà sì ń gbá a lójúgun. Mo ní kó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kó wá wá pẹ́dà nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń lọ. Ìyẹn ló ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú la lò, torí yanrìn máa ń di táyà mú.

Ẹ má di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú fún un. Bí ẹ bá dì í mú, ohun tó ti mọ̀ lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Abẹ́ abíyá rẹ̀ ni kí ọwọ́ yín wà, kó fúyẹ́.

Dídúró ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bàtà ni bíréèkì àfẹsẹ̀tì, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́pẹ́dà sì ń yára jù ú lọ. Kí ọmọ tó gùn ún, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ tì í rìn káàkiri, kó máa tẹ bíréèkì, kó rí i bó ṣe ń dúró. Kẹ̀kẹ́ míì wà tó jẹ́ pé bí a bá tẹ pẹ́dà sẹ́yìn ló ń dúró. Ẹ fi han ọmọ ṣáájú, torí yóò dúró gbì lójijì. Lórí irú èyí, ẹ ní láti gbé táyà ẹ̀yìn sókè kí ẹ tó yí pẹ́dà sí ipò ìgbéra. Akoto ní orí, bàtà tó bo ọmọ ìka ní ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà.

Tó bá ti ń gbéra, tó sì ń dúró fúnra rẹ̀, ẹ máa gbé ìjókòó sókè díẹ̀díẹ̀, nítorí ìjókòó tó rẹlẹ̀ jù máa ń tètè mú kí orúnkún dùn ún. Ìwọ̀n ìka kan ni mo fi gbé ti ọmọ mi sókè. Lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu géètì wa láì sọ̀ kalẹ̀.